Bí a ṣe ń mú àṣìkọ tó ń dójú tini kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ ẹni

"Mo ka iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún, báwo ni àṣìṣe yẹn ṣe gba iwájú mi kọjá?" Ìbéèrè yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ oyè, àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì àti àwọn tó ń wáṣẹ́ máa ń bi mí jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ti dé iwájú ẹni tó fẹ́ gbé e yẹ̀ wò kí wọ́n tó béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: ẹni tó kọ ìwé kì í ka ohun tó wà lójú ìwé, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń kà. Bí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́nà kan náà, bí ẹni kà á lẹ́ẹ̀kan ni. Ọ̀nà tí ẹ gbà ń kà á ni ẹ máa yí padà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo kọ lẹ́tà Yorùbá sí ọ̀gá àgbà ilé ìkówèésí kan láti tọrọ àyè ìwádìí. Mo to ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo wá fi "Pẹ̀lú ọwọ̀" kádìí rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ kọ. Ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ ni mo kọ. Àmì kan ṣoṣo ló jábọ́. Wọ́n fún mi láyè, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ti fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ náà ká kí ó tó dá ẹ̀dà lẹ́tà padà fún mi, ojú sì tì mí gidigidi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ̀lé ètò tí mo fẹ́ là kalẹ̀ yìí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí a fi ẹnu kò sí ná. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ara ọ̀rọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ṣe jẹ́ ara ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ pé "wọ́n á mọ ohun tí mo ní lọ́kàn" ń gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lé òǹkàwé lọ́wọ́, òǹkàwé yẹn sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ fún un ní máàkì tàbí iṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù

Ẹ wo àwọn ibí yìí nìkan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀:

- Orúkọ àti oyè ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí
- Àkọlé, àti àwọn àkọlé kéékèèké inú iṣẹ́
- Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn
- Ọjọ́, iye owó, nọ́ńbà fóònù
- Gbogbo ibi tí "má" tàbí "máa" bá wà
- Orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀

Àṣìṣe àárín ojú ìwé kẹtàdínlógójì lè sá mọ́ni lójú. Èyí tó bá wà nínú orúkọ olùkọ́ yín kò ní sá mọ́ ọn.

Ohun èlò: ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa jẹ èrè rẹ̀

1. Kíbọ́ọ̀dù. Lórí fóònù, ẹ wọ ètò Gboard, ẹ lọ síbi èdè, ẹ fi Yorùbá kún un. SwiftKey náà ní Yorùbá. Lórí kọ̀ǹpútà, Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tirẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn lè gba Keyman, ọ̀fẹ́ ni. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ohun tó burú ni kí ẹ máa ṣe ẹ̀dà "ọ̀" láti inú ìwé mìíràn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá nílò rẹ̀.

2. Fọ́ńtì. Lójú kọ̀ǹpútà, "ẹ́" kì í ṣe ohun kan ṣoṣo: "ẹ" wà, àmì òkè sì wà tí a gbé lé e lórí. Fọ́ńtì tí kò bá mọ bí a ti ń gbé e á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Noto Serif, Charis SIL àti Doulos SIL máa ń gbé àmì wa dáadáa. Ẹ sá fún àwọn fọ́ńtì Yorùbá àtijọ́ tí kò tẹ̀lé Unicode, ìlànà àgbáyé tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀: ohun tó dára lórí kọ̀ǹpútà yín á di wúruwùru lórí ti alábòójútó yín.

3. Èdè àyẹ̀wò. Bí Word bá gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ń kọ, ìlà pupa ni yóò fà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ojú á mọ́ ìlà pupa lára, àṣìtẹ̀ gidi á sì fara pamọ́ sáàárín wọn. Ẹ yan gbogbo iṣẹ́, ẹ lọ sí Review, lẹ́yìn náà Language, ẹ wá sọ ọ́ di Yorùbá. Èyí kò ní kí Word mọ Yorùbá o! Ó kàn máa jẹ́ kí ó dákẹ́ ni.

4. AutoCorrect, ìyẹn ohun tó ń tún ọ̀rọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ nínú Word. Nínú File, Options, Proofing, ẹ wá AutoCorrect Options, kí ẹ pa èyí tó ń sọ "i" tó bá dá dúró di lẹ́tà ńlá. Bí ẹ kò bá pa á, "sí i" á di "sí I", "bí i" á di "bí I", láti ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ dé òpin rẹ̀.

Bí ẹlòmíràn ló ń bá yín tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ẹ béèrè bóyá ó gbọ́ Yorùbá kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò gbọ́ ọ á rò pé ìdọ̀tí ni àmì abẹ́ lẹ́tà tí ẹ fi bírò kàn, á sì fò ó. Mo ti rí iṣẹ́ ojú ewé ọgọ́fà tí kò ní "ṣ" kan ṣoṣo nínú.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dójú tini jù

Ẹ rántí dò, re, mí tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Kò sí irinṣẹ́ tó dára jù ú lọ. Nígbà tí ẹ bá fura sí ọ̀rọ̀ kan, ẹ kọ ọ́ lórin.

*Ọ̀wọ̀, ọwọ̀, ọwọ́, ọ̀wọ́.* Dò-dò ni èyí tí a ń bù fún àgbà. Re-dò ni ti ìgbálẹ̀. Re-mí ni ẹ̀yà ara. Dò-mí ni àwọn nǹkan tí a kó jọ sójú kan. Ìparí lẹ́tà ni àṣìṣe yìí ti ń ṣẹlẹ̀ jù, nítorí ó ti ń rẹ ẹni tó ń kọ̀wé nígbà tó bá fi máa débẹ̀.

*Iṣẹ́ àti ìṣẹ́.* Ẹni tó bá kọ "Mo ń wá ìṣẹ́" sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ ti tọrọ òṣì lọ́wọ́ iléeṣẹ́. Re-mí ni iṣẹ́. Mo máa ń rí èyí gan-an, nítorí àwọn tó ń sá fún àìkọ-àmì máa ń fi àmì ìsàlẹ̀ sórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìwò ó.

*Ìtàn àti itan.* Ẹ wo àkọlé bíi "Itan Ìlú Ìbàdàn". Itan jẹ́ apá ara tó wà lókè orúnkún. Nítorí lẹ́tà ńlá ni a fi ń kọ àkọlé, àmì orí lẹ́tà àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ máa ń sọnù, àkọlé sì ni ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń kọ́kọ́ wò.

*Ẹwà àti ẹ̀wà.* Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀, ẹ jọ̀ọ́. "Ẹwà èdè" ni ohun tí ẹ fẹ́ ṣàlàyé. "Ẹ̀wà èdè" wà lórí iná ní ilé ìdáná.

*Ẹsẹ, ẹsẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ́.* Ẹsẹ Ifá ni re-re, láìní àmì kankan lórí rẹ̀ àti láìní ohunkóhun lábẹ́ s. Bí ẹ bá kan àmì sábẹ́ s tí ẹ sì fi àmì ìsàlẹ̀ sórí fáwẹ́lì méjèèjì, ẹ ti ka ẹ̀sùn sí Ifá lọ́rùn. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn, ẹ̀ṣẹ́ ni a fi ń jà.

*Àṣà àti àṣá.* Àṣà Yorùbá la fẹ́, kì í ṣe ẹyẹ tó ń gbé òròmọdìyẹ.

*Ìyá àti ìyà.* Ojú ewé ìdúpẹ́ nínú àpilẹ̀kọ: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyà mi tó rán mi nílé ẹ̀kọ́." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rí i, nítorí ìyá náà á gba ẹ̀dà ìwé yẹn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, á sì gbé e sí pálọ̀ fún àlejò láti kà. Ojú ewé ìdúpẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń kọ kẹ́yìn, tí wọ́n sì ń kà wéré. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

*Ààrẹ àti àárẹ̀.* Ẹ wo àmì tó wà lórí "à" kejì àti "ẹ" ìkẹyìn dáadáa. Bí wọ́n bá di "á" àti "ẹ̀", ẹ ti sọ olórí ẹgbẹ́ di ẹni tí ara rẹ̀ kò dá.

*Ọ̀mọ̀wé.* Dò-dò-mí. Ẹni tó bá kọ "Ọmọwé" ti sọ ẹni tó gba oyè ìjìnlẹ̀ di ọmọ ìwé lójú ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Ìyẹn kò sì dára nínú lẹ́tà tí ẹ fi ń bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ alábòójútó yín.

*Ògùn, Ògún, ogun, ogún, oògùn.* Odò Ògùn ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ náà lórúkọ. Nítorí náà dò-dò ni Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ògún alágbẹ̀dẹ ni dò-mí. Lẹ́tà òṣìṣẹ́ ìjọba gan-an kì í yọ nínú èyí.

*Ṣe àti se.* "A se ìwádìí yìí ní ọjà Bódìjà." Oúnjẹ ni a ń sè, tó bá wá ní orúkọ lẹ́yìn ni ó ń di se. Ìwádìí ni a ń ṣe. Àmì abẹ́ s kan ló yà wọ́n.

*Oko.* Ẹ̀yin tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àmì òkè bọ́ sórí "o" kejì. Ó máa di ohun tí a kì í dárúkọ láwùjọ.

*Má àti máa.* Èmi fi èyí ṣáájú gbogbo wọn nínú ewu. "Ẹ má tọ̀ síbí" jẹ́ ìkìlọ̀. "Ẹ máa tọ̀ síbí" jẹ́ ìyọ̀ǹda. Lórí ìwé ìlànà oògùn, lẹ́tà "a" kan ṣoṣo yìí lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀ àìsàn. Ní 1631, Robert Barker àti Martin Lucas tẹ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ "not" sì jábọ́ nínú òfin tó ka àgbèrè léèwọ̀, ni òfin bá ń pàṣẹ pé kí ènìyàn máa ṣe é. Wọ́n bu owó ìtanràn £300 lé wọn, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì nílò odidi ọ̀rọ̀ kí ó tó bàjẹ́ báyẹn. Ní tiwa, fáwẹ́lì kan tó o.

Òfin tó ń tú àṣìkọ fó láìwo ìwé atúmọ̀

Bí ẹ bá há àwọn wọ̀nyí sórí, ẹ máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kò tọ̀nà kódà bí ẹ kò tí ì mọ èyí tó tọ̀nà.

1. Ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì kì í gba àmì òkè lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ yẹn. "Áṣà", "ólùkọ́", "ílé": àṣìṣe ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ àyálò bí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè yàtọ̀. Òfin yìí nìkan á mú ìdajì àṣìṣe ohùn yín jáde, torí pé àwọn tí kò dá wọn lójú máa ń fi àmì òkè sí ibi tó bá sáà ti wù wọ́n.

2. Lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, "ọn" ni a ń kọ: ìbọn, ẹ̀fọn, gbọ́n, pọ́n, wọ́n. Lẹ́yìn àwọn yòókù, "an" ni: ìtàn, ikán, ìran.

3. Lẹ́yìn m àti n, a kì í kọ n mọ́ láti fi ìránmú hàn. Ìmọ̀, kì í ṣe ìmọ̀n. Iná, kì í ṣe inán.

4. Kọ́ńsónáǹtì kì í di méjì, "sh" kò sì sí nínú àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ọ̀fà ni, kì í ṣe Offa. Òṣogbo, kì í ṣe Oshogbo. Iléṣà, kì í ṣe Ilesha. "Aiye", "enia", "nwọn" àti "yio" jẹ́ àkọtọ́ àtijọ́: ayé, ènìyàn, wọ́n, yóò ni a ń kọ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú ìwé àtijọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

5. Ẹ ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀: *kì í ṣe*, *ó ń lọ*, *sí i*, *fún un*, *nígbà tí*, *jù lọ*, *ẹ kú iṣẹ́*. "Ón lọ" ni mo ń rí jù lọ nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá kọ "Eku ise" sórí báńà ìkíni, eku tó ń jẹ àgbàdo lẹ kọ síbẹ̀.

6. "Ó sọ wípé" kò yẹ iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Wí àti sọ, ọ̀kan náà ni wọ́n. "Ó sọ pé" ti tó.

Ohun tó yọ kúrò nínú àwọn òfin wọ̀nyí ni orúkọ ènìyàn. Bí olówó orúkọ bá ń kọ ọ́ ní "Shonibare" tàbí "Osofisan", bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má bá a tún orúkọ bàbá rẹ̀ ṣe.

Àtúnkà: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn fẹ́ mú àmì ohùn, ìtumọ̀, nọ́ńbà àti orúkọ nínú kíkà ẹyọ kan. Kò ṣeé ṣe. Ẹ pín in.

1. Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí kò bá sí àyè, wákàtí kan péré, kí ẹ ṣe nǹkan mìíràn láàárín rẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ gbàgbé ni bí ẹ ṣe kọ ọ́.

2. Ẹ yí ojú rẹ̀ padà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Ẹni tí kò bá ní owó bébà, kí ó pààrọ̀ fọ́ńtì, kí ó sọ lẹ́tà di ńlá, kí ó sì jẹ́ kí ìlà kúrú. Ìwé tó bá ṣàjèjì lójú ni ojú ń kà tọkàntọkàn.

3. Orúkọ àti oyè. Ẹ ṣí ìwé tí orúkọ náà ti wá, ẹ fi ìka tọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi orí ṣe é. Ẹni tí ẹ ti mọ̀ láti ọdún mẹ́wàá ni ẹ máa ń ṣi orúkọ rẹ̀ kọ.

4. Àkọlé, àlàyé abẹ́ àwòrán, àtẹ. Ẹ ka àwọn wọ̀nyí nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n tóbi, wọ́n sì hàn gbangba. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń kà wọ́n. Ní 2018, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Australia gbé owó bébà $50 tuntun jáde, wọ́n sì kọ "responsibility" sára rẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké láìsí "i" kan nínú. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ti wà lọ́wọ́ àwọn aráàlú kí wọ́n tó rí i ní 2019. Àwọn tó ń tẹ owó ní ọ̀pọ̀ ojú tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò.

5. Ẹ ka iṣẹ́ sókè. Kí etí yín gbọ́ ohùn tí ẹ *kọ*, kì í ṣe ohùn tí ẹ mọ̀. Èyí le díẹ̀: ẹ ní láti pe ọ̀rọ̀ bí àmì ṣe darí yín, kódà bí ó bá di àpèrẹ́rìn-ín. Níbi tí ẹ bá ti pe "ọwọ̀" tí etí sì kọ̀ ọ́, ẹ ti rí i. Tí ẹ kò bá tẹ̀lé àmì nígbà tí ẹ ń kà á sókè, òfìfo ni kíkà yẹn.

6. Ẹ kà á sẹ́yìn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìtàn á já, lẹ́tà nìkan ló máa kù lójú. Ẹ má ṣe èyí fún àpilẹ̀kọ ojú ewé igba. Ẹ ṣe é fún àkótán rẹ̀, ojú ewé àkọ́kọ́ àti lẹ́tà tó bá a lọ.

7. Àkójọ àṣìṣe tiyín. Gbogbo wa ló ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí a máa ń ṣì kọ. Ẹ kọ tiyín sínú ìwé kan, kí ẹ máa fi Ctrl+F wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ tuntun. Ìkìlọ̀: bí ẹ bá kó ọ̀rọ̀ láti inú oríṣiríṣi ìwé, "ẹ" tó ní ìlà kékeré lábẹ́ àti "ẹ" tó ní àmì kíńkín lábẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà lójú kọ̀ǹpútà. Ctrl+F lè rí ọ̀kan kí ó fò ìkejì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà lọ́nà méjèèjì.

   Ẹ má sì tẹ "Replace All". Mo mọ ẹnìkan tó fi "àṣà" rọ́pò gbogbo "asa" nínú iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo orúkọ ènìyàn tó ní "asa" nínú sì bàjẹ́. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

8. Nọ́ńbà. Ọjọ́, ojú ewé, iye owó, nọ́ńbà àtẹ. Bí ẹ bá kọ "wo Àtẹ 4", ẹ lọ wò ó bóyá Àtẹ 4 wà.

9. Ojú ẹlòmíràn. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ẹ má kàn sọ pé "bá mi kà á", ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́: "Bá mi wo orúkọ àti àkọlé nìkan." Ẹni tí kò mọ kókó iṣẹ́ yín wúlò jù fún èyí, torí kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Fún ohùn Yorùbá, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò dáadáa. Àgbà tó ń sọ ẹ̀ka èdè rẹ̀ nìkan lè tún un ṣe sí ohùn ìlú rẹ̀.

10. Ẹ sọ ọ́ di PDF, ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí àpótí òfìfo àti àmì tó fò kúrò lórí lẹ́tà.

Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì: ibi tí ahọ́n wa ti ń darí ọwọ́ wa

Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ lẹ́tà iṣẹ́, nítorí náà mo ní láti fi èyí kún un. Àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà kò ní gbà yín níhìn-ín, torí pé ohun tí ẹ kọ jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi; kàn jẹ́ pé kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ ni.

Àkọ́kọ́ ni àwọn tí ahọ́n ń fà. Yorùbá kò ní ohùn tó bẹ̀rẹ̀ "church", kò ní v, kò ní z. Ọ̀pọ̀ wa sì máa ń gbé h kúrò níbi tó wà lọ síbi tí kò sí. Nítorí náà ẹ wá àwọn wọ̀nyí:

- "watch" àti "wash", "catch" àti "cash"
- "leave" àti "live", "prove" àti "proof", "save" àti "safe"
- "lose" àti "loose", "prize" àti "price", "advise" àti "advice"
- "is" àti "his", "old" àti "hold", "ear" àti "hear"
- "feel" àti "fill", "seat" àti "sit"

Ẹ kíyè sí "sheet" jù. Fáwẹ́lì gígùn àti kúkúrú Gẹ̀ẹ́sì kò yàtọ̀ sí ara wọn létí wa, ẹni tó bá sì fi i kan ṣoṣo kọ "score sheet" ti kọ èébú sí olórí ẹ̀ka.

Èkejì ni àwọn tí ìka ń jẹ. "Public" láìsí l di ọ̀rọ̀ abẹ́ ara. "Manager" láìsí a kejì di ibi tí ẹran ọ̀sìn ti ń jẹun. "United" tí lẹ́tà rẹ̀ yí padà di ohun tí a tú okùn rẹ̀. "Assess" láìsí s ìkẹyìn di àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì fún "inconvenience" tó wá kọ "incontinence" ti sọ̀rọ̀ nípa ìtọ̀ tí kò ṣeé dá dúró.

Àtúnṣe kan wà tó dára gan-an fún ìyẹn: nínú AutoCorrect, ẹ sọ fún Word pé kí ó máa fi "public" rọ́pò èyí tí kò ní l. Ó parí. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ ṣe é ṣá, torí ẹ máa ń lo ọ̀rọ̀ kejì yẹn lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ẹ kò bá lè fi gbogbo àmì sí i

Àpilẹ̀kọ oyè nínú ẹ̀ka Yorùbá: kò sí ọ̀nà àbáyọ, gbogbo àmì gbọ́dọ̀ pé. Lẹ́tà ọ́fíìsì tàbí ímeèlì tí ẹ fi fóònù kọ lójú ọ̀nà yàtọ̀. Nígbà náà, ẹ tò ó báyìí:

- Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ rárá.
- Orúkọ, oyè àti àkọlé gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn tó pé.
- Ọ̀rọ̀ tó lè di nǹkan mìíràn, bí iṣẹ́, ọ̀wọ̀, ìyá, ìtàn, ẹ fi àmì sí i.
- Bí ohùn ọ̀rọ̀ kan kò bá dá yín lójú, ẹ wò ó nínú ìwé atúmọ̀ tàbí kí ẹ lo ọ̀rọ̀ mìíràn. Àmì tí a ṣì fi burú ju àmì tí a kò fi lọ.

Bí ó bá ti jáde lọ́wọ́ yín

Ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré fi àtúnṣe ránṣẹ́, àṣìṣe tuntun á sì wà nínú àtúnṣe náà.

1. Ẹ wò ó bóyá ó yí ìtumọ̀ padà, tó kan orúkọ ènìyàn, tàbí tó kan owó àti ọjọ́. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fi lẹ́tà kejì pe àkíyèsí sí ohun tí wọn kò rí.

2. Bí ó bá kan ọ̀kan nínú wọn, ẹ ka gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ fi àtúnṣe ránṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta.

3. Ẹ kọ̀wé kúkúrú: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo ẹ̀dà yìí dípò ti àárọ̀. Mo ti tún orúkọ yín ṣe ní ojú ewé kìíní. Ẹ má bínú." Ẹ má ṣàlàyé pé iná lọ tàbí pé ọmọ ló tẹ̀ ẹ́.

4. Bí ó bá jẹ́ orúkọ tàbí oyè àgbà ni ẹ ṣì kọ, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́. Nílẹ̀ wa, ímeèlì nìkan kò tó fún ìyẹn.

5. Bí àpilẹ̀kọ ti di títẹ̀, tí wọ́n sì ti fi aṣọ bò ó lẹ́yìn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka yín bóyá wọ́n ń gba ojú ewé àtúnṣe tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú ìwé. Ẹ má fi bírò tún un ṣe nínú ẹ̀dà kan, kí ẹ fi ẹ̀dà mẹ́rin yòókù sílẹ̀.

6. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àkójọ ìgbésẹ̀ keje lọ́jọ́ náà gan-an. Lórí tèmi, "ọ̀wọ̀" ló ṣì wà lókè pátápátá.